Ìbò Tí Kò Rí Àga Jókòó Sí

Láti ìgbà tí ìbò ọdún 2023 ti parí ni ọ̀rọ̀ àtúnṣe ètò ìdìbò ti gba ẹnu gbogbo ènìyàn. Bí ẹ bá dúró ní Fájuyì ní Adó láàárọ̀, kí ọkọ̀ tó kún, ẹ ó gbọ́ ọ. Bí ẹ bá wọ ilé oúnjẹ ní ọ̀sán, òun náà ni wọ́n ń sọ. A fara balẹ̀ tẹ́tí sí i, a sì rí i pé ìdí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn jókòó sí, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Ṣé BVAS ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́? Ṣé wọ́n fi èsì ránṣẹ́ láti ibùdó ìdìbò àbí wọn kò fi ránṣẹ́?

A kò sọ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kéré. Àwa ará Èkìtì mọ ohun tí ìwé èsì lè fojú ẹni rí. Ìbò gómìnà tí a dì ní oṣù kẹrin ọdún 2007, a tún apá kan rẹ̀ dì ní 2009, ó sì di oṣù kẹwàá ọdún 2010 kí ilé ẹjọ́ tó sọ ẹni tó ni ín. Ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ gbáko! Nítorí náà, kí ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́, kí èsì máa hàn sí tọmọdé tàgbà. Ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ ní ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ dáadáa, ká ní a ka gbogbo ìbò pé láìku ẹyọ kan, ohun kan wà tí ẹ̀rọ kò lè tún ṣe. Ohun náà ni ọ̀nà tí à ń gbà sọ ìbò di àga aṣòfin. Òun la fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ilé wa. Ní oṣù kẹfà ọdún 2014, nígbà ìbò gómìnà, Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀délé Fáyóṣe ti ẹgbẹ́ PDP ní ìbò 203,090. Dókítà Káyọ̀dé Fáyẹmí ti APC ní 120,433. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó dìbò fún àwọn méjèèjì, 37 wà lẹ́yìn APC. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, a dìbò sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkìtì tí àga rẹ̀ jẹ́ 26. PDP kó 26. APC kò rí ẹyọ kan.

Ó di oṣù keje ọdún 2018. Dókítà Fáyẹmí ní 197,459, Ọ̀jọ̀gbọ́n Kọ́lápọ̀ Olúṣọlá ti PDP ní 178,121. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dìbò fún àwọn méjì yìí, 47 jẹ́ ti PDP. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹta ọdún 2019, a tún dìbò sí Ilé Aṣòfin. APC kó 26. PDP kò rí ẹyọ kan.

Ìlú kan náà ni o, àwọn ènìyàn kan náà ni, láàárín ọdún mẹ́rin péré. Òòkà yí láti ìka kan bọ́ sí ìkejì. A mọ̀ pé ìbò gómìnà yàtọ̀ sí ìbò aṣòfin, pé àwọn kan yí ọkàn padà, pé àwọn mìíràn kò jáde mọ́ nígbà kejì. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún wa pé 178,121 ènìyàn ti lọ sí àjò láàárín oṣù mẹ́jọ, a ó bẹ̀ ẹ́ kó fi ọkọ̀ tó kó wọn lọ hàn wá.

Báwo ló ṣe ń ṣẹlẹ̀? Ká fi ilé iṣẹ́ ṣe àpẹẹrẹ. Ká sọ pé òṣìṣẹ́ 100 wà ní ilé iṣẹ́ kan, a pín wọn sí yàrá iṣẹ́ márùn-ún, ogún ènìyàn ní yàrá kọ̀ọ̀kan. A fẹ́ yan ènìyàn márùn-ún tí yóò máa bá ọ̀gá sọ̀rọ̀, ẹnì kan láti yàrá kọ̀ọ̀kan. Ní yàrá kọ̀ọ̀kan, àwọn 11 ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán, àwọn 9 ń ṣiṣẹ́ òru. Bí oníkálukú bá dìbò fún ẹni tirẹ̀, àwọn oníṣẹ́ ọ̀sán ni yóò gba gbogbo ààyè márààrún. Òṣìṣẹ́ òru 45 wà nínú ilé iṣẹ́ náà tí kò ní ẹnu kankan níwájú ọ̀gá. Ta ni yóò wá sọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ òru? Ta ni yóò béèrè ọkọ̀ tí yóò gbé wọn délé ní agogo méjì òru? Kò sẹ́ni tó ṣe èrú níbẹ̀, a ka ìbò pé. Síbẹ̀ kò sí ẹnìkan nínú wa tí yóò gbà pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lè máa ṣe báyìí kó sì pẹ́.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni a ń ṣe ní Ilé Aṣòfin. Ẹkùn ìdìbò 26, ẹni tó bá fi ẹyọ ìbò kan ṣíwájú ní ẹkùn kan ló ni ín pátápátá.

Ẹlòmíràn lè ní kí ló kan òṣìṣẹ́ nínú èyí. Ó kàn án gan-an. Ilé Aṣòfin ló ń fọwọ́ sí ètò ìnáwó ìpínlẹ̀. Ilé Aṣòfin ló lẹ́tọ̀ọ́ láti pe kọmíṣọ́nà, kó ní, “Owó tí a ní kí ẹ fi ṣe ọ̀nà dà?” Ẹ rántí ọdún 2016, nígbà tí gbèsè owó oṣù wọ òṣìṣẹ́ ìjọba Èkìtì lọ́rùn tí wọ́n fi da iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin awakọ̀ mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ: bí òṣìṣẹ́ ìjọba kò bá gba owó ní Adó, kò sí èrò ní gáréèjì, kò sí ọjà lọ́jà ọba, ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì kò rí ẹni rà á. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, a nílò ẹnìkan nínú Ilé tí kò jẹ gómìnà ní gbèsè ọpẹ́, tó lè dìde kó béèrè ìwé ìṣirò. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n, ẹgbẹ́ gómìnà sì ni gbogbo wọn. A kò bú ẹnìkan. Bó ṣe rí nígbà PDP náà ló rí lẹ́yìn 2019 nígbà APC. Ọmọ ilé ẹni kì í fẹ́ bá baba ilé jà lójú àlejò.

Ọ̀rọ̀ “dìbò kí o sebẹ̀” náà wà níbẹ̀, èyí tí ayé fi ń pe orúkọ wa láti ìbò 2018. Àwọn ọlọ́gbọ́n ń wàásù fún tálákà pé kó má gba owó. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìdí tí olówó fi ń ná an. Bí ẹkùn kan bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ẹni tó bá ra igba ìbò níbẹ̀ ti ra ẹkùn náà tán. Ọjà tó pọ̀ ní owó kékeré! Bó bá jẹ́ pé igba ìbò kò lè mú ju ìwọ̀n igba ìbò lọ, owó tí ń rọ́ wá sí ẹnu ibùdó ìdìbò yóò dín kù, nítorí olóṣèlú náà mọ ìṣirò èrè.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ẹrù yìí wúwo lé lórí. Erékùṣù kan wà nínú Òkun Íńdíà tí à ń pè ní Mauritius. Ènìyàn ibẹ̀ kò tó mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀. Ní erékùṣù ńlá wọn, ẹkùn 20 ló wà, ẹkùn kọ̀ọ̀kan ń yan aṣòfin mẹ́ta, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 60. Ní 1982, àjọṣepọ̀ ẹgbẹ́ kan kó gbogbo 60. Ní 1995, ó tún ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ó tún ṣẹlẹ̀: àwọn tó ń ṣèjọba tẹ́lẹ̀ gba ju ìdá mẹ́rin gbogbo ìbò lọ, wọn kò rí ẹyọ kan nínú 60. Àga méjì péré tí wọ́n rí, òfin ìṣojú-àánú kan tó wà fún àwọn tó sún mọ́ ìborí ló bù ú fún wọn. Láti ọdún 2002 ni ìgbìmọ̀ kan, tí Adájọ́ Albie Sachs ti South Africa jẹ́ alága rẹ̀, ti gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi àga 30 kún un, kí wọ́n máa pín ìyẹn ní ìwọ̀n ìbò. Wọ́n ti ń jiyàn lé e láti ìgbà náà. Ẹni tó bá kó 60 lónìí kò rí ohun tó burú nínú òfin. Ẹni tó pàdánù ló ń pariwo àtúnṣe, bó bá sì wọlé lọ́la, ariwo rẹ̀ a lọ sílẹ̀. Ẹ̀yin ará Èkìtì, ṣé ohùn náà kò jọ èyí tí ẹ ti gbọ́ rí?

Lesotho, tí South Africa yí ká bí omi ṣe ń yí erékùṣù ká, kò fi iyàn mọ ní tirẹ̀. Ní 1998, ẹgbẹ́ kan gba nǹkan bí 60 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò, ó sì kó àga 79 nínú 80. Àwọn yòókù ní àwọn kò gbà. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀, iná jó olú ìlú wọn, Maseru, àwọn ọmọ ogun South Africa sì wọlé. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ líle yìí ni wọ́n yí òfin padà. Ní ìbò 2002, wọ́n fi àga 80 ti ẹkùn sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n fi 40 kún un, wọ́n sì pín 40 náà láti fi dí àlàfo fún àwọn ẹgbẹ́ tí àga wọn kò tó ìbò wọn. A kò ní pa irọ́ fún yín: láti 2012, ìjọba àjọpín wọn ti tú ká ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ṣùgbọ́n ìdìbò tuntun ni wọ́n sábà máa ń fi yanjú rẹ̀, olú ìlú wọn kò tún jó bíi ti 1998.

Ọ̀rọ̀ iná kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì, ẹni tí àwọn kọ̀ndọ́ wa ń fi orúkọ rẹ̀ pe èrò lójoojúmọ́, oṣù kìíní ọdún 1966 ni wọ́n fi í jẹ gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, lẹ́yìn tí ìbò 1965 ti dá wàhálà sílẹ̀, kí wọ́n tó pa á ní oṣù keje ọdún náà. Ní 1983, nígbà tí Èkìtì ṣì wà nínú Ìpínlẹ̀ Oǹdó, wọ́n kéde pé Olóyè Akin Ọmọ́bóríowó ló borí Olóyè Adékúnlé Ajásin, ilé jó, ẹ̀mí ṣòfò, kí ilé ẹjọ́ tó dá ipò Ajásin padà fún un. Òtítọ́ ni pé èrú ló fa ìjà méjèèjì, kì í ṣe ọ̀nà ìpín àga. Ṣùgbọ́n ohun tó ń mú èrú dùn tó bẹ́ẹ̀ ni pé ẹni tó bá borí kó gbogbo rẹ̀, ẹni tó bá ṣubú sì pàdánù pátápátá.

Àbá pé kí a pín àga ní ìwọ̀n ìbò kì í ṣe tuntun ní Nàìjíríà. Ààrẹ Umaru Yar'Adua, tó jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀ pé ìbò tó gbé òun wọlé ní àléébù, gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2007, Adájọ́ Muhammadu Lawal Uwais sì jẹ́ alága rẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2008, wọ́n jábọ̀ iṣẹ́. Gbogbo ènìyàn rántí pé wọ́n ní kí ààrẹ má ṣe máa yan alága INEC mọ́. Ohun tí a gbàgbé ni pé wọ́n tún dábàá kí a da ọ̀nà méjèèjì pọ̀ ní àwọn ilé aṣòfin: kí ẹkùn wà, kí àga ìwọ̀n ìbò náà wà. Òfin Ìdìbò 2010 dé, kò sí níbẹ̀. Òfin Ìdìbò 2022 dé, kò sí níbẹ̀ náà. Ìwé náà wà ní àjà, eku ń jẹ ẹ́.

Ohun tí àwa ń dábàá fún Èkìtì rọrùn. Kí àga má ju 26 tó wà lọ, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé a fẹ́ fi owó oṣù aṣòfin kún ìnáwó. Ìjọba ìbílẹ̀ 16 ni a ní. Kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan yan aṣòfin kan gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe. Àga 10 tó kù, kí a pín in fún àwọn ẹgbẹ́ tí àga wọn kò tó ìwọ̀n ìbò wọn, bí ẹgbẹ́ bá ti ní ó kéré tán ìbò márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ fi ìbò 2018 dán an wò. Ká ní APC kó gbogbo 16, PDP yóò rí 10. Ẹ fi ti 2014 dán an wò: PDP 16, APC bí 9 tàbí 10. Gómìnà yóò ṣì ní ọ̀pọ̀ nínú Ilé, kò sì ní lè sọ pé wọ́n dí òun lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ nìkan kò ní tó ìdá méjì nínú mẹ́ta, ẹni mẹ́wàá yóò sì wà níbẹ̀ tí yóò máa béèrè ọ̀rọ̀.

A ti gbọ́ ohun tí àwọn alátakò ń sọ. Wọ́n ní àwọn bàbá ìsàlẹ̀ ni yóò kọ orúkọ àwọn 10 náà. Ó ṣeé ṣe, bí a bá gbà fún wọn. Nítorí náà, kí òfin sọ pé ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ gbé orúkọ náà jáde kí ìbò tó bẹ̀rẹ̀, kí a mọ ẹni tí à ń dìbò fún. (Ṣé àwọn 26 ti ìsinsìnyí ni bàbá ìsàlẹ̀ kò kọ orúkọ wọn?) Wọ́n tún ní ẹgbẹ́ méjì nínú Ilé kan a máa dá ìjà sílẹ̀, wọ́n sì rán wa létí oṣù kọkànlá ọdún 2014, nígbà tí aṣòfin méje nínú 26 jókòó, tí wọ́n ní àwọn ti yọ olórí Ilé. A rántí dáadáa. Méje tó yọ olórí tí 19 wà lẹ́yìn rẹ̀, àìbọ̀wọ̀ fún òfin nìyẹn. Ilé ẹjọ́ ló wà fún un.

Èyí tó bà wá lẹ́rù jù, ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò wa ní Bénin ló ti wá. Ìwọ̀n ìbò ni wọ́n fi ń pín àga níbẹ̀. Síbẹ̀ ní 2019, òfin tuntun ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn alátakò, ẹgbẹ́ méjì péré ló dé orí ìwé ìdìbò, méjèèjì sì wà lẹ́yìn Ààrẹ Talon. Àwọn ni wọ́n pín gbogbo àga 83 láàárín ara wọn. Nítorí náà ni a fi sọ márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, tí a kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e ga ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù tó jẹ́ ti ẹ̀yin awakọ̀ gan-an. Ní ọjọ́ ìbò, ọkọ̀ yín ni àjọ INEC ń lò láti kó òṣìṣẹ́ àti ohun èlò ìdìbò. Awakọ̀ tó forúkọ sílẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, tó sì gbé àpótí lọ sí Ẹ̀fọ̀n, ta ni yóò gba ìbò lọ́wọ́ rẹ̀? Ibi tí orúkọ ẹni wà nìkan ni a ti ń dìbò. Bẹ́ẹ̀ ni nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ọlọ́pàá, bẹ́ẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tí ẹ̀rọ rẹ̀ kì í sùn. Ní ìbò gómìnà oṣù kẹfà ọdún 2022, nǹkan bí 989,000 ènìyàn ni orúkọ wọn wà nínú ìwé ní Èkìtì, àwọn tó dìbò lé díẹ̀ ní 360,000. A kò sọ pé iṣẹ́ ló dí gbogbo ìyókù lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àwọn tí iṣẹ́ dí lọ́wọ́ wà nínú wọn, a sì mọ̀ wọ́n. Ní Ghana, ọlọ́pàá, sójà, òṣìṣẹ́ ìdìbò àti oníròyìn ń dìbò tiwọn ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú. INEC fúnra rẹ̀ dábàá irú rẹ̀ lẹ́yìn ìbò 2023. Ohun tí à ń béèrè ni pé nígbà tí wọ́n bá ń ka àwọn tó yẹ, kí wọ́n má fò awakọ̀ tó gbé àpótí.

Àwọn kan ní a kò lè fọwọ́ kan ìwé òfin ilẹ̀ wa. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ní 2025, àbá wà níwájú àwọn aṣòfin ní Àbújá láti fi àga obìnrin 37 kún Ilé Aṣojú, 37 kún Ilé Àgbà, àti mẹ́ta mẹ́ta kún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá lè fi ìyẹn kún un lè gbọ́ tiwa náà. Òfin ní kí ìdá méjì nínú mẹ́ta fọwọ́ sí i ní Àbújá, kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 sì fọwọ́ sí i. Ti Èkìtì jẹ́ ọ̀kan nínú 36 náà.

Ní ìpàdé ẹ̀ka wa tó ń bọ̀, a ó gbé àbá yìí kalẹ̀ kí ẹ jiyàn lé e lórí. Bí ẹ bá fọwọ́ sí i, akọ̀wé yóò kọ lẹ́tà sí àwọn sẹ́nétọ̀ wa mẹ́ta, àwọn aṣojú wa mẹ́fà àti àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ 26. Láti ìgbà náà lọ, olóṣèlú tó bá wá ṣe ìpolongo ní gáréèjì tàbí ní ẹnu géètì ilé iṣẹ́, kí ẹ kọ́kọ́ bi í ní ìbéèrè méjì: ṣé ó fara mọ́ àga 10 tí a ó pín ní ìwọ̀n ìbò, ṣé ó sì fara mọ́ ọn pé kí awakọ̀ tó gbé àpótí dìbò ṣáájú? Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, ẹ mú un wá fún wa. A ó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn yìí, orúkọ ẹni tó dáhùn àti orúkọ ẹni tó kọ̀ láti dáhùn.